Ẹni tí ó ṣèṣe lórí kì í sábà gbàgbé orúkọ ara rẹ̀

Bí ènìyàn bá ti wo eré àgbéléwò Yorùbá mélòó kan, yóò ti bá ìran yìí pàdé. Ọkọ̀ gbá ọmọbìnrin kan lójú títì, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n wé báńdéèjì mọ́ ọn lórí. Nígbà tí ó lajú, ó wo ìyá tí ó bí i, ó ní, “Ta ni yín? Èmi gan-an, ta ni mí?” Kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́, kò mọ ọkọ, kò mọ ọmọ, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ geere, ó ń dáná, ohun gbogbo tí ó sì ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti jí ni ó rántí dáadáa. Ní apá kejì eré náà, yóò fi orí sọ òpó ilé, tàbí kí ó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ohun gbogbo yóò sì padà sí i lórí lójú ẹsẹ̀.

Ìran yìí ti kúrò ní eré lásán láàárín wa ní Èkìtì. Bí ọ̀kadà bá dojú dé lójú ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sáré débẹ̀ yóò da omi tútù sí ẹni tí ó ṣubú lára, wọn yóò gbé e jókòó, wọn yóò sì bi í pé, “Kí ni orúkọ rẹ?” Bí ó bá ti lè dáhùn, wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọpọlọ rẹ̀ pé, wọn yóò ní kí ó lọ sinmi sílé. Ohun tí mo fẹ́ kí á mọ̀ ni pé ìdáhùn yẹn kò fi nǹkan kan dá wa lójú, nítorí pé orúkọ ẹni wà lára ohun tí ó máa ń kẹ́yìn kúrò lórí ẹni. Eré ti kọ́ wa láti máa wá àmì kan tí kì í sábà sí níbẹ̀, kí á sì fojú fo èyí tí ó wà níwájú wa.

Ẹni tí àwọn onímọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó pọ̀ jù lára rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Henry Molaison, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní ọdún 1926. Wárápá ń yọ ọ́ lẹ́nu gidigidi, oògùn kò sì ràn án, ni dókítà kan, William Scoville, fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìlú Hartford lọ́dún 1953. Dókítà náà gé lára ọpọlọ rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, títí kan èyí tí ó pọ̀ nínú ẹ̀yà kékeré tí wọ́n ń pè ní hippocampus. Wárápá náà dínkù, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí ó fi kú lọ́dún 2008, ohun tuntun kò dúró lórí rẹ̀ mọ́. Brenda Milner, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí pẹ̀lú rẹ̀, jẹ́ àlejò tuntun lójú rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá wọlé. Ó lè jẹun tán kí ó má rántí pé òun jẹun. Síbẹ̀, Molaison mọ orúkọ ara rẹ̀, ó mọ àwọn òbí rẹ̀, ó sì lè sọ̀rọ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀. Ohun tí Milner tún rí lára rẹ̀ ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu: ó ní kí ó máa fi pẹ́ńsù tọ ìlà àwòrán ìràwọ̀ kan, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé inú dígí nìkan ni yóò ti máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń mọ́ iṣẹ́ náà sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò rántí rárá pé òun ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Ẹ wò ó bí èyí ti jẹ́ òdìkejì ohun tí eré ń fi hàn wá. Ọmọbìnrin inú eré pàdánù gbogbo àná rẹ̀, ó sì ń kó ti òní jọ láìsí ìṣòro. Molaison ní àná rẹ̀ lọ́wọ́, ti òní ni kò lè dì mú. Ibi kan ṣoṣo tí eré ti sọ òótọ́ ni pé ọgbọ́n ọwọ́ kì í bá ìyókù lọ, nítorí náà ẹni tí iyè rẹ̀ rá ṣì lè gún iyán tàbí kí ó ránṣọ.

Théodule Ribot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1881 pé bí ìrántí bá ń bàjẹ́, ohun tuntun ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ, ohun àtijọ́ a sì pẹ́. Àwọn tí wọ́n ti tọ́jú àgbà tí ó ń ṣarán mọ èyí láìka ìwé kankan. Ìyá àgbà ní Ìjerò tàbí ní Ìkọ̀lé yóò máa béèrè oúnjẹ nígbà tí a kò tíì palẹ̀ àwo tí ó fi jẹun mọ́, yóò máa fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú tipẹ́ pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ oríkì ilé baba rẹ̀, òun ni yóò gbà á lẹ́nu yín tí yóò sì kì í lọ. Kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ tó dé ipò tí kò dáhùn sí orúkọ rẹ̀ mọ́, àìsàn náà yóò ti wọ̀ ọ́ lára débi pé kò ní lè dá wẹ̀ tàbí dá múra. Kò sí ẹni tí àìsàn náà ń ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀.

Kí wá ni ẹni tí ó ṣubú lórí ọ̀kadà máa ń gbàgbé? Ìṣubú náà fúnra rẹ̀ ni, àti àkókò díẹ̀ ṣáájú rẹ̀, àti wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Yóò ní, “Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọ̀kadà mi dà?” Ẹ ó dá a lóhùn, yóò dákẹ́, kò sì ní pẹ́ kí ó tó tún béèrè ọ̀rọ̀ kan náà bí ẹni pé kò bi yín rí. Àmì tí ó yẹ kí ó dẹ́rù bà wá nìyí, òun náà sì ni a máa ń fi sùúrù rẹ́rìn-ín sí. Àkókò ìṣubú yẹn kì í sábà padà wá láéláé, nítorí pé ọpọlọ kò rí àyè tọ́jú rẹ̀ pamọ́ nígbà tí ó ń ṣẹlẹ̀.

Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, David Maddocks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 1995 nípa àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n forí gbá lórí pápá. Wọ́n rí i pé ìbéèrè nípa orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí kò fi bẹ́ẹ̀ ya ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ mì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Àwọn ìbéèrè nípa ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀: pápá wo nìyí, ta ni ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé kẹ́yìn, ẹgbẹ́ wo ni ẹ bá gbá a ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣé ẹ borí?

Ní ti pé gbígbá lórí lẹ́ẹ̀kejì a máa dá ìrántí padà, èrò náà ti ju igba ọdún lọ. Xavier Bichat, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara ní ilẹ̀ Faransé tí ó kú lọ́dún 1802, gbà pé apá méjèèjì ọpọlọ gbọ́dọ̀ dọ́gba kí èrò ènìyàn tó lè já gaara. Nítorí náà, bí gbígbá kan bá da apá kan rú, gbígbá lápá kejì lè mú méjèèjì dọ́gba padà. Ìṣègùn ti fi èrò yìí sílẹ̀ tipẹ́. Inú ìtàn àti sinimá ni ó fara pamọ́ sí. Ìpalára kejì lórí ọpọlọ tí kò tíì jinná lè mú kí ó wú, ó sì lè pa ènìyàn.

N kò sọ pé kò sí ẹni tí ó ti gbàgbé orúkọ ara rẹ̀ rí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1887, oníwàásù kan tí ó ń jẹ́ Ansel Bourne gba owó ní báńkì ní ìlú Providence ní Amẹ́ríkà, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹta ni ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ìlú Norristown, níbi tí ó ti ń fi orúkọ A. J. Brown tajà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ó sì ń béèrè ibi tí òun wà. Ọ̀ràn irú èyí ṣọ̀wọ́n, ìdààmú ọkàn ni ó sì sábà máa ń fà á. Bí òǹkọ̀wé eré bá fẹ́ kí obìnrin kan gbàgbé ẹni tí òun jẹ́, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú obìnrin náà rí nínú ayé rẹ̀, kí ó sì fi ọkọ̀ sílẹ̀.

Sallie Baxendale, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, yẹ àwọn sinimá onígbàgbé wò nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, ó sì rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò jọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn. Nínú ìwọ̀nba tí ó yìn ni ọkùnrin inú Memento ti ọdún 2000 wà, àti ẹja Dory inú Finding Nemo ti ọdún 2003. Àwọn méjèèjì mọ ẹni tí àwọn jẹ́. Ohun tuntun ni kò dúró lórí wọn. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé àwọn eléré wa lè ṣe irú rẹ̀, nítorí pé ọkọ tí ó ń bi aya rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà láti àárọ̀ títí di alẹ́ yóò mú omi bọ́ lójú òǹwòran ju ẹni tí ó ń pariwo “Ta ni mí?” lọ.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni ti àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ dáadáa lẹ́yìn ìjàǹbá. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn láàárín agbárí àti awọ tí ó bo ọpọlọ, kí ẹni náà sì máa bá yín ṣeré fún wákàtí mélòó kan, kí ó mọ orúkọ rẹ̀, kí ó mọ ilé rẹ̀, kí ó tó wá ní oorun ń kun òun. Ẹ bi í pé ibo ni ó ti ń bọ̀, ta ni ó gbé sẹ́yìn, kí ni ẹ sọ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn. Bí kò bá lè dáhùn, tàbí tí ó ń bì léraléra, tí orí fífọ́ rẹ̀ ń le sí i, tí gìrì mú un, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan kò lágbára mọ́, tí ọmọlójú rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ, tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde ní etí tàbí imú rẹ̀, tàbí tí ó ṣòro láti jí lójú oorun, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, yálà ní Adó tàbí ní Ìdó, ní òru ọjọ́ náà gan-an, ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.