Ìmísí nìkan kọ́ ló kọ àwọn ìwé àgbà

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín àwa tí à ń kọ ìtàn àròsọ: pé ìmísí ló da àwọn ìwé àgbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí òjò, tí òǹkọ̀wé kàn gbé igbá síta. Èmi náà gbà á gbọ́. Odidi ọdún méjì ni mo fi pa ìtàn kan tì sí ìsàlẹ̀ àpótí, mò ń retí ìmísí. Eruku ló wá.

Ẹni tí wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀rí jù ni Jack Kerouac, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi tẹ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, On the Road, ní oṣù kẹrin ọdún 1951, lórí bébà gbọọrọ tó gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 120. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti 1948 ló ti ń bá ìtàn náà jìjàkadì nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn bébà gbọọrọ yẹn ó tún un ṣe títí, 1957 ni ìwé sì tó jáde. Ìkórè ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Kò sẹ́ni tó ka ọjọ́ tó fi roko.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Jane Austen, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí gbólóhùn rẹ̀ ń yọ̀ bí ẹni tí kò làágùn rí. Ní oṣù keje ọdún 1816 ó parí ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Persuasion. Nígbà tó tún un wò, ìparí rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wọ́gi lé e, ó kọ òmíràn. Lẹ́tà ìfẹ́ tí Captain Wentworth kọ sí Anne Elliot, àwọn olólùfẹ́ inú ìtàn náà, tí ọ̀pọ̀ wa fi ń rántí ìwé náà, kò sí nínú èyí tó kọ́kọ́ kọ rárá! Àwọn ojú ìwé tó pa tì yẹn ṣì wà ní ilé ìkàwé British Library ní London, pẹ̀lú gbogbo ìfàgilé ọwọ́ rẹ̀.

Anthony Trollope, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ní tirẹ̀, òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ni. Kó tó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, á gbé aago síwájú, á kọ 250 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìwé ìtàn àròsọ 47 ló kọ báyẹn. Nígbà tí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní 1883, tó ti kú, inú àwọn kan kò dùn sí àṣírí aago yìí. Àfi bí ẹni pé ó rẹ́ wọn jẹ.

N kò ní ìmísí kò sí. Ó máa ń wá, àmọ́ ìdí iṣẹ́ ló ti máa ń bá mi. Mo ti gbé ìtàn mi jáde látinú àpótí. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò dáa. Mo ti tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹfà.