Ẹ fi fíìmù àtijọ́ wa lọ́rùn sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Láti 2018 tí fíìmù Amẹ́ríkà kan, Black Panther, ti jáde, èyí tí wọ́n ti lọ kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ẹ ti ń pariwo pé ẹnì kankan ò rò ó rí. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Eddie Ugbomah, olùdarí fíìmù ọmọ Nàìjíríà, ti ṣe The Mask ní 1979! Òun fúnra rẹ̀ ló ṣeré bí ẹni tó lọ jí ère ojú Ìyá Ọba Idia ti Bìní, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún méjì péré lẹ́yìn FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tá a ṣe ní Nàìjíríà, ni, táwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti yá wa ní ohun tí wọ́n kó ní Bìní ní 1897.

Ẹ wá ní sinimá ayé ìgbà yẹn ò já mọ́ nǹkan, àwòrán ń gbọ̀n, ó pọ́n kuku. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Róòlù 16mm, ìyẹn fíìmù tó fẹ̀ ní mìlímítà 16, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 400, ìṣẹ́jú 11 ló ń gbà. Fíìmù wákàtí kan ààbọ̀, ìran kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, róòlù bíi 25 ti lọ. Òkèèrè ni wọ́n ti ń rà á, òkèèrè náà ni wọ́n ti ń fọ èyí tó bá jẹ́ aláwọ̀. Bí fọ́nrán irun kan bá há sẹ́nu ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kan fíìmù nínú kámẹ́rà, á máa jó létí àwòrán bí okùn dúdú, bí wọn ò bá sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ àfi ìgbà tí fíìmù bá padà dé. Àwọn òṣèré á ti túká.

Pípọ́n yẹn ńkọ́? Ẹ̀bi olùdarí kọ́. Aró mẹ́ta ló wà lára fíìmù aláwọ̀. Nínú ooru, èyí tó jẹ́ búlúù ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣí, pupa á wá borí. Ike tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà á sì máa kan bí ọtí kíkan. Ṣí agolo rẹ̀, òórùn fínígà á gbá ọ nímú. Fíìmù á súnkì, á ká kò, ihò etí rẹ̀ ò ní bá eyín ẹ̀rọ mu mọ́. Agolo kan tó bá kan, á kó ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yàrá tútù, gbígbẹ, ló lè dá a dúró díẹ̀.

Wọ́n rí Shaihu Umar, fíìmù Hausa ti 1976, ní Jos, Jámánì ni wọ́n ti tún un ṣe. Ó ń ṣe mí bíi pé kí wọ́n kó gbogbo tó kù lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Ugbomah tó ní kí ohun wa padà wálé, ṣé àwa náà la tún fẹ́ fọwọ́ ara wa kó o lọ? Ọkàn mi ò tíì pọ̀ sí ibì kan. Agolo sì ń gbóná.