Ta Lo Lọ Kí ní Róòmù?

Ọmọ Yorùbá kì í ṣàdédé lọ síbì kan. Ó ń lọ kí èèyàn ni, tàbí ó ń lọ síbi òkú, tàbí ó ń lọ ra ọjà tó máa tà ní Gbági. Ìdí nìyẹn tí ẹnu ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé ní London fi máa ń wọ́ lọ́jọ́ tó bá pe màmá rẹ̀ ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ pé òun fẹ́ dá lọ lo ọjọ́ kan ní Róòmù.

"Ta lo fẹ́ lọ kí?"

"Kò séèyàn kankan, Màámi."

"Kí lo wá fẹ́ lọ rà?"

"Mi ò ra nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ wo àwọn ilé àtijọ́ tó wà níbẹ̀ ni."

Ìyá á dákẹ́. Lẹ́yìn náà wàá gbọ́ ohùn wọn lọ́ọ̀ọ́kán, tí wọ́n ń bá àbúrò rẹ sọ̀rọ̀: "Gba fóònù yìí, bá mi bi í, sé ara ẹ̀ yá?" (Ẹ má wò mí báyẹn. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́.) Ilé àtijọ́ kẹ̀! Èyí tó yí Ọjà Ọba ká, ta ló ti sanwó láti wò ó rí?

Èsì wà o. Sọ fún wọn pé orí òkè méje ni Róòmù wà, bí wọ́n ṣe ń ka òkè Ìbàdàn sí méje náà. Sọ fún wọn pé àwọn òpó gìrìwò iwájú Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù àti Gíríìkì ni òyìnbó ti kọ́ irú ẹ̀. Ìbátan lo fẹ́ lọ kí nìyẹn. Ìbátan tó ti darúgbó.

Bí pásípọ́ọ̀tù rẹ bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, fo èyí kọjá. Aláwọ̀ ewé tiwa ni mò ń bá wí. Ìwé ìgbélùú tí wọ́n fún ọ ní London kò lè gbé ọ wọ Ítálì. Físà Schengen lo máa gbà, yúrò 90 sì ni fún àgbàlagbà. Má jẹ́ kó dín ní ọjọ́ 15 sígbà tó o fẹ́ gbéra kó o tó fi ìwé sílẹ̀, má sì fi í sílẹ̀ ṣáájú oṣù mẹ́fà. Wọ́n á béèrè ìwé adójútòfò ìrìn àjò tó lè gbé ìnáwó ìwòsàn tó yúrò 30,000, torí wọn ò fẹ́ kó o wá ṣàìsàn sí wọn lọ́rùn. Fọ́ọ̀mù físà yẹn àti màmá rẹ, ilé ìwé kan náà ni wọ́n jọ lọ: òun náà á bi ọ́ pé ta lo fẹ́ lọ bá. Orúkọ òtẹ́ẹ̀lì ni kó o kọ. Má kọ "ìbátan" o.

Ó wá ku ẹrù. Àpò kékeré tó lè wọ abẹ́ àga ni àwọn ọkọ̀ òfuurufú olówó pọ́ọ́kú ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n gbé àgò irin kan sẹ́nu géètì tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n; bí àpò rẹ ò bá wọ inú ẹ̀, owó tí wọ́n máa gbà lè ju ti tíkẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ lọ. Kílíṣí àti ẹran díndín tó o fẹ́ fi panu lọ́nà, fi í sílé. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ilẹ̀ tí kò sí nínú àjọ Yúróòpù kò gbọ́dọ̀ kó ẹran àti wàrà wọlé, Gẹ̀ẹ́sì sì ti kúrò nínú àjọ náà. Ọbẹ̀ ńkọ́? Nǹkan olómi ni wọ́n ka ọbẹ̀ sí. Níbi tí wọ́n bá ṣì ń lo òfin àtijọ́, ìgò nǹkan olómi kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju mílílítà 100, gbogbo ìgò sì gbọ́dọ̀ wọ inú ọ̀rá lítà kan ṣoṣo. Rántí òfin yìí, a ṣì máa padà síbẹ̀.

Bàtà? Èyí tó ti gbó ni kó o wọ̀. Òkúta dúdú kéékèèké tí wọ́n ń pè ní sampietrini ni wọ́n tẹ́ sí àárín ìlú, àlàfo tó wà láàárín òkúta méjì sì gba gìgísẹ̀ bàtà obìnrin dáadáa. Ẹni tó bá ra bàtà tuntun torí fọ́tò, kó tó di aago méjì ọ̀sán, ẹsẹ̀ lásán ló máa fi rin èyí tó kù.

Láti pápákọ̀ òfuurufú Fiumicino, rélùwéè kan wà tí wọ́n ń pè ní Leonardo Express: yúrò 14, ìṣẹ́jú 32, kò dúró níbì kan àfi ibùdókọ̀ Termini. Bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì bébà lo rà, tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kó o tó wọlé. Ibí yìí ni wọ́n ti ń mú àwọn èèyàn wa. O ti sanwó, tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á sì tún bu owó ìtanràn fún ọ torí pé kò ní òǹtẹ̀. Kò sí ìjà ìgboro tó o lè bá wọn jà tó máa yí i padà.

Ní Termini, rántí oríkì ìlú rẹ: ibi tí olè gbé ń jàre olóhun. Wọn ò ki Róòmù bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó tọ́ sí rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ wọn. Ìgbà tí ilẹ̀kùn bá fẹ́ pa dé ni àwọn olè ibẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́: ọ̀kan á dínà síwájú ẹ bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ, ìkejì á sún mọ́ ọ lẹ́yìn, fóònù á bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó mú un, ilẹ̀kùn á pa dé, ọkọ̀ á gbé ọ lọ. Gbé àpò sí àyà bí ẹni pọn ọmọ síwájú, má sì ki fóònù bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò láé. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ jẹ́ yúrò kan àbọ̀, ó sì wúlò fún ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Gba laini B, ìdúró kejì ni Colosseo, pápá ńlá tí èèyàn àti ẹranko ti ń jà láyé àtijọ́.

Bó o bá ti jáde lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó ti wà níwájú ẹ. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ yúrò 18, orí ìkànnì ìjọba wọn ni kó o ti rà á, torí ó máa ń tán. Ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ni wọ́n máa ń ṣí i fún títà. Orúkọ rẹ á wà lára ẹ̀, wọ́n á sì fi wé pásípọ́ọ̀tù. Ẹ̀yin tí Facebook ń pè ní "Omo Teacher", tí pásípọ́ọ̀tù ń pè ní orúkọ mìíràn, èyí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ kọ.

Ọba Vespasian ló bẹ̀rẹ̀ ilé ọ̀hún, ọmọ rẹ̀ Titus ló ṣí i ní ọdún 80. Má jẹ́ kí afinimọ̀nà fi èdè dẹ́rù bà ọ́; gbogbo nǹkan ibẹ̀ lo ti mọ̀. Ẹnu ọ̀nà 80 ló wà nísàlẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ nọ́ńbà sórí 76 nínú wọn, kí kálukú lè mọ géètì tó máa gbà, bíi ti pápá ìṣeré Liberty. Wo òkè ẹnu ọ̀nà tó wà lápá àríwá, wàá ṣì rí XXIII títí dé LIV. Àwọn ọlọ́lá jókòó nísàlẹ̀ níwájú, mẹ̀kúnnù lókè, àwọn obìnrin àti ẹrú sì wà lókè téńté, bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ ẹbí pín àga níbi òde. Tí oòrùn bá mú, wọ́n á ta aṣọ ńlá bò wọ́n lórí, àwọn atukọ̀ ojú omi ni wọ́n sì kó wá láti máa fa okùn ẹ̀. Kánópì ni! Ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n ti ń ta kánópì.

Ti ìjà, a ò kéré sí wọn. Ní 1963, akànṣẹ́ wa Dick Tiger na Gene Fullmer ní Liberty, lójú gbogbo Ìbàdàn, kò sì sí kìnnìún níbẹ̀.

Sún mọ́ ògiri, kó o wo àwọn ihò jágajàga tó wà lára ẹ̀ bí ojú ẹni tí ìgbóná bá jà. Kì í ṣe ọta ìbọn o. Irin ni wọ́n fi de òkúta pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìlú dojú rú, àwọn èèyàn gbẹ́ ògiri, wọ́n yọ irin lọ. Àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù ti débẹ̀ ṣáájú ẹ, ọ̀rẹ́ mi. Ìlẹ̀ mímì 1349 ló wá wó apá gúúsù, wọ́n sì kó òkúta tó wó lọ kọ́ ilé míì.

Ibẹ̀ ni ìyá máa ti pè ọ́ lórí WhatsApp. Yí kámẹ́rà síta fún wọn.

"Ilé ọ̀hún ò ní òrùlé?"

"Kò ní, Màámi."

"O sì sanwó?"

Níta, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan á rẹ́rìn-ín sí ọ: "Áfíríkà! Ọmọ ìyá mi!" Á na ọwọ́. Ohun tó bá ọmọ Yorùbá jẹ́ nìyí: a ò lè gbọ́ kíkí ká má jẹ́ ẹ. Bó o bá ti fún un lọ́wọ́, okùn aláràbarà ti wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ, ó ti so ó le, ẹ̀bùn ni, ṣùgbọ́n kó o fi nǹkan ran ìyàwó òun tó bímọ lọ́wọ́. Ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, jẹ́ ẹ lẹ́nu nìkan, máa lọ.

Òùngbẹ á ti gbẹ ọ́. Má ra omi. Káàkiri ìlú, wàá rí ẹ̀rọ omi onírin kúkúrú tí ẹnu ẹ̀ tẹ̀ bí imú. Nasone ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ ẹ̀ ni onímú ńlá. Láti 1874 ló ti wà, omi ẹ̀ tutù, ó ṣeé mu, ọ̀fẹ́ sì ni. Tọ̀sán tòru ló ń ṣàn. Ọmọ Ìbàdàn tó bá kọ́kọ́ rí i, ibi tí wọ́n ti ń pa á ló máa wá: á wo iwájú, á wo ẹ̀yìn, á fọwọ́ pa á lórí. Kò síbẹ̀. Ẹni tó ti to kẹ́ẹ̀gì nídìí ẹ̀rọ rí, omi tó ń dànù báyìí á dùn ún dé egungun. Fara dà á. Má sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé ẹnu sí i: fi ìka dí ojú imú náà nísàlẹ̀, omi á fò jáde láti ihò kékeré tó wà lókè ẹ̀, wàá sì mu ún ní ìdúró. Rọra dí i o. Bó o bá fi ipá dí i, aṣọ ọrùn rẹ ló máa mu ún.

Nípa oúnjẹ, má ṣírò yúrò sí náírà. Ẹni tó bá ṣírò kọfí sí náírà, ebi ló máa pa á délé. Kọfí tó o bá mu ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà kò wọ́n. Bó o bá jókòó, àga náà ń gbowó. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ìdí kásíà lo máa kọ́kọ́ lọ sanwó, kó o wá mú rìsíìtì wá sí káńtà. Ẹni tó bá mu kọfí lè béèrè ilé ìtọ̀, ìdí mìíràn tó fi yẹ kó o mu ún nìyẹn. Píísà wà tí wọ́n ń fi síkéèlì wọ̀n, tí wọ́n ń fi sáàsì gé: fi ọwọ́ júwe bó ṣe máa tóbi tó. Má sọ pé kí wọ́n fi ènì sí i. Ẹ̀yin Mùsùlùmí wa, inú carbonara àti amatriciana, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n dín síbẹ̀. Ẹ béèrè cacio e pepe, wàràkàṣì àti ata dúdú lásán ni. Bí ọkàn rẹ bá kọ gbogbo ẹ̀, gba laini A láti Termini, ìdúró kan péré, dé ọjà Esquilino kí ọ̀sán tó pọ́n jù: ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu, ilá, ata. Jẹ́ kí ìyá rí i lórí fídíò. Ibẹ̀ nìkan ni inú wọn á ti dùn sí Róòmù.

Panteoni, tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan, ẹsẹ̀ lo máa fi dé ibẹ̀, yúrò márùn-ún. Ọba Hadrian ló kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, ní nǹkan bí ọdún 126, àmọ́ orúkọ Agrippa, ẹni tó kọ́ ti àkọ́kọ́, ló fi sílẹ̀ gàdàgbà níwájú. Kà á lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tiwa, ẹni tó bá kun ilé ìtọ̀ ọjà ní ọ̀dà, fọ́tò ẹ̀ á wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nínú, kọnkéré ni òrùlé ribiti náà, kò ní irin nínú, mítà 43 ní fífẹ̀, mítà 43 ní gíga. Ihò kan là sílẹ̀ láàárín ẹ̀, ó fẹ̀ tó mítà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, òjò sì ń gbabẹ̀ wọlé. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ihò 22 ló sì ń gbé omi lọ. Ìyá á tún pè.

"Èyí lórùlé, Màámi, àmọ́ ihò wà láàárín ẹ̀."

"Kí ló dé tí onílé ò wá páànù dí i?"

Ìsun Trevi kò jìnnà síbẹ̀. Kọ ẹ̀yìn sí omi, fi ọwọ́ ọ̀tún ju ẹyọ owó gba èjìká òsì. Àjọ Caritas ń fi owó náà tọ́jú àwọn aláìní. Bó o bá ki ẹsẹ̀ bọ omi, ọlọ́pàá á fun fèrè. Má jókòó sórí àtẹ̀gùn Spéènì náà, láti 2019 ni wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lórí ẹ̀.

Ọjọ́ kan kò lè gba ilé ọnà Vatican, gbà fún Ọlọ́run, fi í sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Peteru Mímọ́ lo lè yà wò ní ìrọ̀lẹ́: ọ̀fẹ́ ni, ìlà àyẹ̀wò ló gùn. Bo èjìká, bo orúnkún; ìborùn kan nínú àpò ti yanjú ẹ̀.

Ó wá di àṣìṣe, torí o máa sọ fún ìyá ibi tó o wà. Ìyá tó ti ń bú Róòmù láti àárọ̀, CAC ni wọ́n.

"Ìlú Peteru? Ti inú Bíbélì? O ò tètè wí! Bu omi ibẹ̀ bọ̀."

"Omi ẹ̀rọ ni, Màámi."

"Bù ú."

"Mílílítà 100 ni wọ́n ń gbà nínú ìgò kan."

"Bù ú sí ìgò mẹ́wàá. Èmi, bàbá ẹ, àwọn àbúrò ẹ, ìyá Ṣadé, wòlíì…"

Ìgò mẹ́wàá kò lè wọ inú ọ̀rá lítà kan. Gbìyànjú ẹ̀, mẹ́fà tàbí méje ló máa gbà kí ẹnu ọ̀rá tó kọ̀ láti pa dé. Pápákọ̀ míì ti ní ẹ̀rọ tuntun tí kò bìkítà fún òfin yẹn mọ́, torí náà yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì wọn kó o tó lọ sídìí onímú ńlá. Àmọ́ má sọ ìyẹn fún ìyá. Wọ́n á ní kó o gbé kẹ́ẹ̀gì.