Ẹ Bá Mi Kí Àwọn Ọ̀mọ̀wé Póòkà Sùúrùlérè

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ará Sùúrùlérè, ọgbọ́n tuntun ti wọ̀lú. Àwọn ọmọ wa tó ń ta póòkà, eré káàdì olówó yẹn, ò ta á bí ọmọ èèyàn mọ́. Níbi tó yẹ kí wọ́n dákẹ́, wọ́n á ju owó sílẹ̀. Níbi tí ₦500 ti tó, ₦10,000 ni wọn ó gbé kalẹ̀. Bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò lè yé yín. Solver, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò póòkà, ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀."

Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá onípẹpẹsúùpù kan ní Lawanson, ọ̀kan nínú wọn mú eéje àti eéjì lọ́wọ́, àmì wọn ò sì bára mu. Kò sí káàdì méjì tó burú tó yẹn láti fi bẹ̀rẹ̀. Owó ilẹ̀, èyí tí ẹni tó bá borí á kó, jẹ́ ₦1,200. Baba mẹkáníìkì kan ló ti fowó lé owó kí káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tó wálẹ̀, òun ló sì yẹ kí wọ́n dúró dè. Ọ̀mọ̀wé ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó kó ₦17,350 kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún sílẹ̀ ná. Àádọ́ta náírà yẹn ló pa mí. Ó ti ka owó tán o, ló bá tún tọwọ́ bọ àpò ẹ̀yìn, ó fa Wàsóbíà kan jáde tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ láàárín, ó rọra ń nà án bí ẹni ń na aṣọ ìgbéyàwó, ó wá gbé e lé orí ìyókù. Mo ní kí ni àádọ́ta wà fún. Ó ní kí ìṣirò Baba lè dàrú ni. Àádọ́ta tí alágbe ń gbà tó ń fajú ro! Àádọ́ta tí kọndọ́kítọ̀ fi so èmi àti ìyá oníṣu kan pọ̀ rí ní Ojúẹlẹ́gba, tá a jọ ń wá ṣéńjì kiri nínú oòrùn. Inú ṣì ń bí mi.

Baba wo kíńgì méjì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Gbogbo èyí lo fẹ́ fún mi?" Ó sì fi tiẹ̀ tẹ̀ lé e.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti kó àṣà yìí. Lọ́dún 2017, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Libratus na àwọn ògbóǹtarìgì mẹ́rin ní Pittsburgh, owó tó ju owó ilẹ̀ lọ ló sì máa ń jù sílẹ̀. Lọ́dún 2019, òmíràn tó ń jẹ́ Pluribus tún dé, ó ń ta donk bet ju èèyàn lọ, ìyẹn kéèyàn má dúró de ẹni tó ti fowó lé owó, kó ju tiẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń ju owó ńlá nígbà tó ní káàdì, ó sì ń jù ú nígbà tí kò ní, kẹ́ni tó kojú ẹ̀ má bàa mọ èwo lèwo. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà tọ́wọ́ yín bá ṣófo nìkan lẹ̀ ń pariwo! Ẹni tó fi ₦17,350 lé ₦1,200, àfi kí wọ́n ju káàdì wọn sílẹ̀, kí wọ́n sá fún un ju ìgbà 93 lọ nínú 100 kó tó lè jèrè. Baba mẹkáníìkì kì í sì í sá fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo Lawanson ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin olódo!

Nígbà tá à ń ta Whot ní Èbúté Mẹ́tta, pick two ni pick two. Ẹni tó gbàgbé láti ké "last card" á ṣa káàdì, á panu mọ́. Àbúrò mi kan wà nínú àwọn ọ̀mọ̀wé póòkà yìí tó jẹ mí lówó epo jẹnẹrétọ̀. Mo béèrè, ó ní kí n ní sùúrù, pé variance, ìyẹn bí oríire ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ló bá òun jà, owó á padà wálé.

Variance wo? Ṣé variance ń ta epo ní Lawanson ni? Ọ̀gbẹ́ni, owó mi dà?