Fóònù tí kò dún lọ́jọ́ bọ́ǹbù Ìkẹjà

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn pé lọ́jọ́ tí bọ́ǹbù dún ní Ìkẹjà, fóònù bàbá wa ló kọ́kọ́ dún. Mo máa ń rí i kedere. Nokia dúdú kan wà lórí tẹlifíṣàn, Bàbá nawọ́ mú un, wọ́n gbé e sétí, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n kàn ní, "Ẹ dìde." Mo ti sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mo ti sọ ọ́ fáwọn ọmọ mi. Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù débi pé ọmọ iṣẹ́ mi lè bá mi parí ẹ̀.

Àfìgbà tí mo lọ kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n fi ọdún márùn-ún jù mí lọ, fi ọ̀rọ̀ méjì péré dá mi lóhùn: "Fóònù wo?"

Mo kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Nígbà tó yá mo jókòó, mo ṣírò. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002 ni bọ́ǹbù yẹn. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà. Owó síìmù nìkan nígbà yẹn, ẹ bi àwọn tó rà á, kì í ṣe owó tí onílé yàrá méjì ní Mushin máa dédé yọ lápò. Ọdún 2004 ni Bàbá ra Nokia dúdú yẹn, tòkunbọ̀ ni, èmi gan-an ni mo bá wọn lọ sí Computer Village lọ rà á! Mo wá gbé fóònù ọdún 2004, mo gbé e ka orí tẹlifíṣàn ọdún 2002, mo sì ti ń fi búra láti ọjọ́ yìí wá.

Kò sí fóònù. Kò sẹ́ni tó pè wá. Ilẹ̀ ló mì.

Ó ń lọ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Mò ń lọ aṣọ ilé-ìwé mi sílẹ̀ de ọjọ́ Ajé. Iná wà, ìyẹn dá mi lójú. (Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí iná, pé áyọ́ọ̀nù eléèédú ni. Mo ti fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn.) Nǹkan dún gbì, a rò pé tírélà ló dojú dé ní títì. Ó tún dún lẹ́ẹ̀kejì, gíláàsì wíńdò wa já, ó bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Màámi ò tiẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀. Wọ́n figbe ta: "Ẹ tan rédíò! Ẹ gbọ́ bóyá orin sójà ni wọ́n ń kọ!"

Ẹni tí kò bá mọ Màámi máa rò pé orí wọn dàrú ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n ní Ìdúmọ̀tà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Orin sójà ni rédíò ń kọ, ọ̀gá wọn ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó dé, àṣé wọ́n ti pa Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun, sínú mọ́tò rẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìkòyí. Mọ́tò náà wà ní mùsíọ́ọ̀mù Oníkan títí dòní, ihò ọta wà lára rẹ̀. Látìgbà náà, ohunkóhun tó bá dún ní Èkó, etí rédíò ni Màámi ń sá lọ. Ní 2002 yẹn pàápàá, ọkàn gbogbo èèyàn ò tíì balẹ̀: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní oṣù kan tí wọ́n yìnbọn pa Bọ́lá Ìgè, mínísítà ètò ìdájọ́, nínú ilé wọn ní Ìbàdàn. Ta ni kò ní rò pé àwọn sójà tún ti gbé e dé?

Rédíò ò kọrin kankan. Ká tó mọ̀, àwọn èrò ti ń sá bọ̀ láti ọ̀nà Oṣòdì, ẹlòmíì wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, ìyá kan ń pe orúkọ ọmọ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ní ogun ni. Ẹnì kan ní ọkọ̀ òfurufú ló já. Ìgbà tó yá la gbọ́ pé ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí nínú bárékè sójà ní Ìkẹjà ló gbiná. Àwa sá lọ sí ọ̀nà Ìdí-Àràbà, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kan ni ilẹ̀ mọ́ bá wa.

Àwọn ará apá Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò ní tiwọn, Òkè-Afà ni wọ́n sá gbà. Ilẹ̀ ti ṣú. Ewé ti bo ojú kànáàlì tó wà níbẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pápá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ ilẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ò mọ ohun tó ń bẹ níwájú, wọ́n ń tì wọ́n lọ. A máa ń fi ojúoró ṣàdúrà pé òun ní í lékè omi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ewé ló lékè. Àwọn tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ lé ní 1,000, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn.

Obìnrin kan tó ń ta aṣọ nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi gbé Òkè-Afà nígbà náà. Ọdún kẹsàn-án rèé tá a ti jọ wà. Mo ti ròyìn fóònù bàbá mi lójú rẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, èmi tí n kò pàdánù ju gíláàsì wíńdò lọ. Kò dá sí i rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ní òun kì í gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá, ló bá ń ká aṣọ rẹ̀ lọ. Ojú tì mí nígbà tí mo rántí ìyẹn.

Kì í ṣe èmi nìkan ni nǹkan yìí ń ṣe, mo ti lọ kà nípa rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1986, ọkọ̀ ojú sánmà Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Challenger gbiná lójú ọ̀run, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ kú. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Emory, Ulric Neisser, ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ibi tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Ó tọ́jú ìwé náà. Lẹ́yìn ọdún méjì àti ààbọ̀ ó tún bi wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn sọ nǹkan tó yàtọ̀ pátápátá, ó sì dá wọn lójú ṣáká. Nígbà tí wọ́n fi ìwé ọwọ́ ara wọn hàn wọ́n, ti ọkàn wọn ni wọ́n ṣì gbà gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí, nítorí Nokia tèmi ṣì wà lórí tẹlifíṣàn yẹn bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ mò ń rí i.

Èrò ọkàn mi wá nìyí o. Kéèyàn ṣi ohun kékeré rántí kò sọ ọ́ di òpùrọ́. Mo ṣi fóònù rántí. Bóyá mo tiẹ̀ ṣi iná rántí. Ṣùgbọ́n gíláàsì já, àpá rẹ̀ wà lókè ẹsẹ̀ mi òsì, ẹ wá wò ó.

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012, tí ọkọ̀ òfurufú Dana já ní Ìjú-Ìshàgá, tí gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, iwájú onídìrí ni mo wà ní Agége. Ọjọ́ Àìkú náà ni. (Kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú ṣáá?) Ó ti di apá kan orí mi, ó ku apá kejì, ni wọ́n pè é pé Ìjú ló ti ṣẹlẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ń gbé ibẹ̀. Ó ju kóòmù sílẹ̀, ó sá lọ. Mo fi gèlè wé orí alábọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Tí ẹ bá bi mí pé aago mélòó ni wọ́n pè é, mo lè ṣì í sọ. Ṣé ẹ máa wá ní ọkọ̀ òfurufú ò já?

Ohun tí wọ́n ń fojú wa rí nìyẹn. Ẹ wo ti Lẹ́kì Tollgate, ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, níbi tí sójà ti yìnbọn níbi ìwọ́de EndSARS táwọn ọ̀dọ́ ń ṣe. Mi ò sí níbẹ̀, ilé ni mo wà, orí fóònù ni mo ti ń wò ó bí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe ń gbé e sáfẹ́fẹ́, mò ń gbọ́ ìbọn, mò ń gbọ́ orin ìlú wa tí wọ́n ń kọ. Mo sọ lọ́kàn mi pé èyí ò ní dà bíi ti 2002, pé àwòrán ti wà, àríyànjiyàn ti parí. Mo tan ara mi jẹ ni. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ jábọ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Nígbà tí ìjọba máa fèsì nínú ìwé tiwọn, àwọn ibi tí orúkọ àti ẹ̀rí ti forí gbárí ni wọ́n tọ́ka sí, wọ́n ní àwọn ò gba ohun tí ìgbìmọ̀ náà sọ, pé èèyàn mẹ́sàn-án kú níbẹ̀. Èmi ò ka òkú, n kò sì ní fi ẹnu mi ka iye kan fún yín. Ṣùgbọ́n orúkọ tó forí gbárí, iṣẹ́ àtúnbèèrè ló yẹ kó dá sílẹ̀. Ẹni tí ìbọn ń dún lórí rẹ̀ nínú òkùnkùn lè ṣi àwọ̀ ẹ̀wù rántí. Ẹ bi í ní ọjọ́ kejì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tún bi ẹni tó dúró tì í. Ẹ má dúró kó pé ọdún kan, kí fóònù tí kò dún wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ní tiwa, ìjà ò tíì tán o. Èmi ní èmi ni mo pọ̀n àbúrò wa kékeré sá lọ sí Ìdí-Àràbà. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, àwọn ni wọ́n pọ̀n ọ́n, pé rédíò Màámi ni èmi gbá mọ́yà. Àbúrò wa, ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà, ní kò sẹ́ni tó pọ̀n òun nínú àwa méjèèjì, òun rìn ni. A ti bi Màámi láti àná. Àmì búlúù méjì ti yọ, wọn ò tíì fèsì.