Aṣọ aláwòrán kì í ṣe eré

Ẹni tó kọ ọ́ sínú ìròyìn pé nọ́ọ̀sì tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwòrán ń fi iṣẹ́ ṣeré, kò jọ pé ó ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọmọdé rí. Bí mo bá wọ funfun báláú wọlé, kí n tó yọ abẹ́rẹ́ lọmọ ti figbe ta. Lọ́jọ́ tí mo wọ oní-labalábá, ọmọbìnrin kan ń ka ti àyà mi, "ení, èjì, ẹ̀ta". Mo ti gún un tán kó tó dé ẹ̀fà. Àwọn dókítà iṣẹ́ abẹ gan-an ti pa funfun tì tipẹ́, torí iná yàrá iṣẹ́ abẹ ń mú kó kọ mànà sójú. Àwọ̀ ewé ló ń tu ojú tó ti wo ẹ̀jẹ̀ títí lára. Àpò ni kí àwọn tó ń rán aṣọ iṣẹ́ wa bá wa fi kún un, ẹ jọ̀ọ́.