Èmi náà jókòó níbẹ̀ rí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníròyìn. Irú ìpàdé tí ẹ kọ nípa rẹ̀ yìí, tí àwọn Aborígínì, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà, ti ń sọ ìtàn ara wọn fún ará àdúgbò ní ilé ìkàwé, mo ti lọ sí i rí ní Melbourne níbí. Kò sẹ́ni tó gun orí pèpéle. Wọ́n kàn to àga bí ogún yípo, tíì àti bisikíìtì wà lórí tábìlì. Ìyá àgbà kan ló sọ̀rọ̀. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é, tòyìnbó tadúláwọ̀, torí bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. (Orí mi wú, kí n má purọ́!)

Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ tí ìjọba fi wá já a gbà lọ́wọ́ ìyá wọn. Ó ń fi àtàǹpàkò ra etí ife rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́, tíì náà tutù síbẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1910 títí wọ àwọn ọdún 1970 ni ìjọba fi ń kó àwọn ọmọ Aborígínì lọ bẹ́ẹ̀. Ọdún 2008 ni Kevin Rudd, olórí ìjọba ìgbà náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé èdè kan ṣoṣo ni gbogbo Aborígínì ń sọ. Èdè tó lé ní 250 ló wà nílẹ̀ kí òyìnbó tó wá tẹ̀dó ní 1788! Ṣé Ìjẹ̀bú á dáhùn bí ẹ bá pè é ní Haúsá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún ibẹ̀ ṣe.